Senga Haddow àti Ìlú Tó Gbàgbé Ibojì

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Senga Haddow ní Kinlarrow, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn ará Kánádà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ pàápàá á máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló wa bọ́ọ̀sì náà.

Àwọn ará Kánádà yìí ń lọ wo ilé olódi ọba àtijọ́ kan ní òkè àríwá Scotland. Awakọ̀ wọn ṣìnà, ó bọ́ sí Kinlarrow, ráńdábáòtù sì gbá a mú. Ráńdábáòtù Kinlarrow kì í tètè yọ̀ǹda àlejò: o yí ọ̀kan tán, èkejì ti ń dúró dè ọ́, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Senga wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpò ọjà rẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀sì kan náà tó ń kọjá, tó ń padà, tó tún ń kọjá. Nígbà tó sú u, ó na ọwọ́ sójú títì bí ọlọ́pàá. Bọ́ọ̀sì dúró. Ó gòkè.

“Kí lẹ ń wá?”

“Ilé olódi ni, mà,” awakọ̀ dáhùn. Òógùn ti bò ó.

“Ẹ ti dé ibi tó dára jù ú lọ. Yà sí òsì.”

Bí ó ṣe di pé Senga dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nìyẹn, ó ń fi ọwọ́ kan júwe ìlú, ó sì fi ọwọ́ kejì di ẹyin tó rà mú. Ó fi ọ̀nà abẹ́ títì hàn wọ́n, níbi tí ọmọ Kinlarrow ti lè rìn dé ilé ìwé láì sọdá títì kankan. Ó fi omi ìlúwẹ̀ẹ́ hàn wọ́n, àti ilé ìkàwé. Ó fi àwọn erinmi kọnkéré tó wà lórí koríko hàn wọ́n, tí àwọn ọmọdé ń gùn. Ìyá kan láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì béèrè pé ta ló gbẹ́ wọn.

“Ìjọba ni.”

“Kí ni ìtumọ̀ wọn?”

“Pé ìjọba lówó nígbà yẹn.”

Níkẹyìn wọ́n dé iwájú ilé ìtajà ńlá, òkìtì kọnkéré tó fi ẹsẹ̀ gígùn dúró lókè títì. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà rẹ̀, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé ọ̀rúndún wo ni wọ́n kọ́ irú nǹkan báyìí. Senga nà ró ṣánṣán. “Ọjọ́ Túsídeè kan ni wọ́n ṣí i. Mo wà níbẹ̀. Òjò pa wá.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Awakọ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ ni Senga sọ̀kalẹ̀ sí, kò sì sọ ibi tí wọ́n máa gbà jáde.

Senga yìí ló kú. Shona, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tọ́ dàgbà, ló gbé tíì wọlé fún un ní àárọ̀, tó bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ojú rẹ̀ sí ìta, bí ẹni tó ń ṣọ́ bóyá ẹnì kan máa gbé kẹ̀kẹ́ sórí koríko. Tíì náà tutù lọ́wọ́ Shona. Àwọn òbí rẹ̀ wà ní Australia. Wọ́n sunkún lórí fóònù, wọ́n ní ohun tó bá ti pinnu làwọn náà fọwọ́ sí. Ìpinnu kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, kò rọrùn rárá: níbo ni wọ́n máa sin ìyá àgbà sí?

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí le fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣe nǹkan tó rọrùn.

Ọmọ Glasgow ni Senga. Yàrá kan àti ilé ìdáná ni gbogbo wọn ń gbé nílé bàbá rẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí èéfín ti sọ di dúdú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, gbogbo ìdílé ló ń pín in, ẹni tó bá jí pẹ́ á dúró pẹ́. Kò pẹ́ tí Senga fẹ́ Eck Haddow ni ìjọba ní àwọn máa wó àwọn ilé náà. Wọ́n ní àwọn ti ya ìlú tuntun kan sórí ìwé, láàárín pápá màlúù, ìlú tó ní afẹ́fẹ́, tó ní koríko, tí gbogbo ilé ibẹ̀ ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Senga ní òun ń lọ. Àbúrò rẹ̀, Netta, ní òun ò lọ síbì kankan. Ní tòun, ẹni tó bá lọ gbé ìlú tí wọ́n fi rúlà yà, ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní igun mẹ́rin.

Ọjọ́ tí wọ́n kó dé, Eck wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tó wà nínú balùwẹ̀ wọn, kò jáde. Senga kan ilẹ̀kùn títí.

“Eck, ṣé o ti kú ni?”

“Bí ọ̀run bá rí báyìí,” Eck dáhùn, “jọ̀ọ́, má pè mí padà.”

Ohun tí àwọn ayàwòrán-ilé gbàgbé ni pé ènìyàn ní láti dá ilé rẹ̀ mọ̀. Ilẹ̀kùn kan náà, fèrèsé kan náà, àwọ̀ kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Eck ti ilé iṣẹ́ aago dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí tábìlì. Obìnrin kan gbé ẹran lílọ̀ àti pòtétò síwájú rẹ̀. Ó rò pé ọkọ tirẹ̀ ló ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí kò gbójú sókè nídìí ìkòkò. Eck jẹun dé ìdajì kó tó sọ síbí lélẹ̀. Ilé Bernadette McGlone ló wà, ìlà kejì sí tiwọn.

“Kí ló jẹ́ kó o mọ̀ pé ilé onílé ni?” Senga béèrè nígbà tó délé.

“Iyọ̀ ọbẹ̀ náà ṣe déédéé.”

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Senga kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó fi ilé McGlone kún àwọn ibi tó ń fi han àlejò. Á dúró síwájú rẹ̀, á sọ ohùn kalẹ̀: “Ibí yìí ni ọkọ mi ti dalẹ̀ mi nítorí ẹran lílọ̀.”

Nǹkan tí ìlú náà kò ní, Senga ló ń lọ béèrè fún un. Ó ní àga kan tó ń ká. Bí ó bá gbé e sábẹ́ apá, tó gba ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ́ ìlú lọ, àwọn òṣìṣẹ́ á ti máa wá ibi sá sí. Ẹni tí kò ráyè sá ni ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Lorimer, nítorí tábìlì tirẹ̀ ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Senga á tẹ́ àga rẹ̀, á jókòó, á yọ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ àti sókìsì tó ń hun lọ́wọ́, á máa hun ún. Bí ìlú ṣe ní ibùdókọ̀ tó ní òrùlé nìyẹn. Bí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín tí Bernadette McGlone ń bójú tó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Senga ní òun ò ní jẹ ohunkóhun tí ọwọ́ obìnrin náà bá fi iyọ̀ sí.

“Ọ̀gbẹ́ni Lorimer,” ó bi í lọ́jọ́ kan, “ẹ̀yin lẹ yàwòrán ilé tí à ń gbé. Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò gbé ibẹ̀?”

Lorimer pupa títí dé etí. Ilé olókùúta àtijọ́ kan ló ń gbé, ní abúlé kejì. “Ìyàwó mi fẹ́ràn ilé àtijọ́, mà.”

“Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wó o.”

Lẹ́yìn náà ni Eck kú. Orí ìdúró ní ilé iṣẹ́ aago ni ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Irun rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú wá, ó ṣí fìlà, ó bi Senga pé ibojì wo, ní Glasgow. Senga ní Glasgow kẹ̀? Kinlarrow ni ilé Eck. Ọkùnrin náà yí fìlà lọ́wọ́. Kò sí itẹ́ òkú ní Kinlarrow. Wọ́n ti wo gbogbo máàpù. Àyè wà fún ilé ìwé, àyè wà fún ijó, àyè wà fún àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko. Kò sẹ́ni tó rántí òkú.

Nítorí náà, wọ́n gbé Eck padà sí èéfín tó sá kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ibojì ìdílé Senga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ìyàwó rẹ̀ tí kò fìgbà kan fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Senga gbé àga rẹ̀. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Kò mú sókìsì dání.

“Ọ̀gbẹ́ni Lorimer, níbo lẹ fi àwọn òkú sí?”

“Ìyáàfin Haddow, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ọ̀fọ̀… Ẹ wò ó, ìlú ọ̀dọ́ ni ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó wá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n.”

“Ṣé orí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn ni wọ́n máa dúró sí?”

Senga tẹ̀ síwájú. “Ìlú tí ẹnì kan kò sin òkú rẹ̀ sí, ilé àlejò ni. À ń sùn níbẹ̀ ni. Ẹ má pè é ní ìlú fún mi.”

Ọ̀rọ̀ náà gba ọdún púpọ̀. Lorimer ń kọ̀wé sókè, wọ́n ń dá ìwé náà padà. Senga ń jókòó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sunday, bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́, ó ń wọ bọ́ọ̀sì kan dé ìdajì ọ̀nà, ó ń wọ òmíràn dé Glasgow, ó ń lọ sọ ìròyìn ìlú fún Eck. Shona máa ń bá a lọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó rántí ìyá àgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta ibojì náà bí ẹni tó ń fi etí sí ògiri aládùúgbò: “Wọ́n ti ṣí ilé sinimá, Eck. Àga rẹ̀ le. O ò pàdánù nǹkan kan.”

Nígbà tó pẹ́ tó yá, ìjọba yọ̀ǹda òkè kan ní ìlà-oòrùn ìlú, ilẹ̀ tó dára, tó rí gbogbo òrùlé Kinlarrow látòkè. Senga ló kọ́kọ́ gba àyè níbẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sin síbẹ̀, wọ́n ń fi ṣeré. Ó ní rárá o. “Èmi ni mo jà fún un. Kí ẹlòmíì lọ tọ́ ọ wò.”

Ẹni tó tọ́ ọ wò ni Lorimer. Àìsàn ló pa á lójijì, ó sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé orí òkè Kinlarrow ni kí wọ́n gbé òun lọ. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń retí kí Senga sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan. Senga sunkún débi pé aṣọ ìnujú Bernadette McGlone ló fi nujú, òun tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. “Ó wá gbé ibẹ̀ níkẹyìn,” ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Kó tó di pé Senga kú, Shona bi í léèkan pé níbo ló fẹ́, òkè Kinlarrow ni àbí ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. Senga ń bó pòtétò lọ́wọ́. “Tí mo bá kú tán,” ó ní, “kó o bi mí.”

Ẹ rí i pé ìyá àgbà kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, ilé ìdáná kún. Davie Purdon, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko, ló jókòó sí ìhín, ó gbé fìlà lé orúnkún. Netta, tó ti Glasgow dé pẹ̀lú páì ẹran tó tóbi tó ìrọ̀rí, ló dúró sí ọ̀hún. Ó ti ń bínú kó tó bọ́ kóòtù, nítorí ilẹ̀kùn ilé méjì ló ti kàn kó tó rí èyí tó jẹ́ ti Senga.

“Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀,” Davie ní. “Orí òkè ni. Gbogbo ìlú ló ń retí rẹ̀. Shona, bí Senga bá padà sí Glasgow, kí wá ni àwa ń ṣe níbí?”

“Ohun tí ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí,” Netta dá a lóhùn. “Ẹ̀ ń yípo. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti ní in láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Ó tó. Ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é níbẹ̀.”

“Ọkọ rẹ̀ ti kú, mà.”

“Ìyẹn ni ò jẹ́ kó lè wá bá a níbí!”

Davie wo Shona. Shona wo inú ife tíì rẹ̀. Ó mọ̀ pé òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ìyẹn gan-an ló ń fa omi sójú rẹ̀. Bí ó bá gbé ìyá àgbà lọ, ó dà bí ẹni pé gbogbo ìjà yẹn, gbogbo ìjókòó yẹn, ẹlòmíì ló ṣe é fún. Bí ó bá fi í síbí, Eck á wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú àna rẹ̀ títí ayé.

Nígbà tí Davie ti lọ, Shona jókòó ti Netta. “Àǹtí, nígbà tí ẹ bá jọ ti ibi ibojì dé, kí ni wọ́n máa ń sọ?”

“Ta ni? Senga? Ó máa ń gbé ẹrẹ̀ wọ ilé mi ni. Gbogbo Sunday. Tíì, ẹrẹ̀, àròyé.” Netta ń gé páì náà tó ti tún gbé kaná, kò sẹ́ni tó ní kó gé e. “Èmi á dúró ní ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò. Tó bá ti fẹ́ máa lọ, á fi ọwọ́ gbá òkúta yẹn pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń jí ẹni tó gba gbogbo ibùsùn. Á ní, ‘Sún síwájú díẹ̀, Eck. Mò ń bọ̀ wá sùn.’” Ó sọ ọ̀bẹ lélẹ̀. “Ní gbogbo Sunday. Kò gbàgbé rí.”

Páì náà ń rú èéfín.

Shona ti rí ìdáhùn rẹ̀. Ìyá àgbà kò jà fún òkè yẹn nítorí ara rẹ̀. Ó jà fún un kí obìnrin mìíràn má baà wọ bọ́ọ̀sì méjì.

Nígbà náà ni nǹkan kan wá sí i lọ́kàn. “Àǹtí, àyè mélòó ló ṣẹ́kù nínú ibojì yẹn?”

“Ọ̀kan.”

“Ta ló ni ín?”

Netta dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife tó ti mọ́. Kò fẹ́ ọkọ, kò bímọ. Inú ibojì bàbá rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń lọ.

“Àǹtí Netta. Ẹ̀yin lẹ ni ín.”

“Wọ́n á rí ibì kan sọ mí sí,” Netta wí fún omi ẹ̀rọ. “Mi ò sanra púpọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, Shona mú un gun òkè lọ wo àyè tí Senga gbà sílẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ kóòtù Netta bí àsíá. Ó yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú imú kíkákò, bí ẹni tó fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ onílé tí kò fọkàn tán.

“Atẹ́gùn ti pọ̀ jù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.”

“Ta nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́?”

“Bernadette McGlone ni. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín.”

“Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀?”

“Ó ti kú, Àǹtí.”

“Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn.”

Shona bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àárọ̀ tí tíì ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó dé ìdajì. Netta kò wò ó. Ó ń wo àwọn òrùlé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn rí bákan náà, èéfín tíntìntín ń jáde lára ọ̀kan nínú wọn. “Ó dáa,” ó ní níkẹyìn. “Màá gbà á. Ẹnì kan nínú wa ní láti máa gbé ibí. Ṣùgbọ́n sọ fún alága onífìlà yẹn pé mi ò ní yí bọ́ọ̀lù kankan.”

Ní ọjọ́ ìsìnkú, Davie Purdon àti àwọn ará Kinlarrow gba bọ́ọ̀sì wá sí Glasgow, nínú aṣọ dúdú. Wọ́n dúró yí ibojì àtijọ́ náà ká nínú òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n pín okùn tí a fi ń sọ pósí kalẹ̀: Shona ló di ti ibi orí mú, torí òun ló sún mọ́ ọn jù, wọ́n fún Netta ní ti ibi ẹsẹ̀, Davie àti àwọn yòókù di ti ẹ̀gbẹ́ mú. Wọ́n sọ Senga kalẹ̀ jẹ́jẹ́, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Eck. Àwọn tó kù ju okùn tiwọn sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ti yẹ.

Netta kò ju tirẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú sún mọ́ ọn, ó rọra sọ létí rẹ̀ pé, “Ẹ lè jù ú sílẹ̀ wàyí, mà.”

“Mo mọ̀ pé mo lè jù ú.”

Gbogbo ènìyàn dúró. Òjò ń kán lára agbòjò. Okùn náà nà láti ọwọ́ arúgbó náà lọ sínú ilẹ̀. Àlùfáà wo ìwé rẹ̀, kò kà á. Ní Glasgow, kò sẹ́ni tó ń yára mú nǹkan lọ́wọ́ arúgbó.

Shona rìn yí ẹnu ibojì náà ká, ó dúró ti Netta, ó fi ọwọ́ rẹ̀ bo tirẹ̀ lórí okùn. Ọwọ́ náà tutù, ó sì le bí ọwọ́ ọmọdé tó di nǹkan mú. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Netta mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa,” àwọn méjèèjì sì jọ jù ú sílẹ̀.